Agbè Ò Fọ́, Ṣùgbọ́n Ta Ló Yẹ Ẹnu Rẹ̀ Wò? Àkọsílẹ̀ Oyún Márùn-ún Tó Wálẹ̀ ní Abẹ́òkúta

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Ọmọ ọdún 33 ni nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí yí padà. Ó ti lo ọdún mẹ́jọ nílé ọkọ, oyún márùn-ún ló sì ti wálẹ̀ lára rẹ̀. Nínú agboolé, "Ìyàwó" ni wọ́n ṣì ń pè é. Àwọn tí wọ́n gbé wọlé lẹ́yìn rẹ̀ ti di Ìyá Lágbájá, Ìyá Tàmẹ̀dò. Òun nìkan ni wọn ò rí orúkọ ọmọ fi pè. Ó sọ fún mi pé orúkọ yẹn dùn létí òun ní ọdún àkọ́kọ́, pé ní báyìí ó ti ń dún bí ìgbà tí ènìyàn ń béèrè gbèsè.

Agbẹ̀bí ni mí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń gbẹ̀bí nílùú yìí. Mo gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ obìnrin náà àti ọkọ rẹ̀ kí n tó kọ èyí, mo sì yọ ohun tó lè mú kí wọ́n dá wọn mọ̀ kúrò. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń tọ́jú aláboyún ni mo kọ ọ́ sí, yálà ọsibítù ńlá lẹ wà tàbí ilé ìgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìlú tí ọsibítù ti wà ní Lántòrò láti ọdún 1895 ni à ń gbé. Kì í ṣe àìrí ibi gbàtọ́jú ló pa obìnrin yìí lẹ́kún. Ọwọ́ wa ló gbà kọjá fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọwọ́ tèmi náà wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó yẹ.

Bí wọ́n ṣe wálẹ̀

Oyún kìíní wálẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8. Inú run ún, ẹ̀jẹ̀ dà, wọ́n sì fọ ilé ọmọ rẹ̀ ní kíníìkì kan. Wọ́n ní irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀, òótọ́ sì ni. Èkejì dàgbà dé ọ̀sẹ̀ 19. Ó ń ká aṣọ lórí okùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, omi sì ya sí i lẹ́sẹ̀. Kí wọ́n tó rí máàrúwá tí yóò gbé e dé ọsibítù, ọmọ ti jáde. Ẹ̀kẹta ò kọjá ọ̀sẹ̀ 9: skáànù ló fi hàn pé ọkàn ọmọ ò lù mọ́.

Láàárín èkejì sí ẹ̀kẹta ni láàbù kan ti sọ fún un pé "sitáfù" ló wà lára rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó gba abẹ́rẹ́ apakòkòrò fún oṣù mẹ́ta, ọkọ rẹ̀ náà gbà á, owó tí wọ́n tọ́jú fún ilé sì wọ inú rẹ̀. Kòkòrò yìí ń gbé ní imú àti lára awọ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn le koko. Pé wọ́n rí i nínú àyẹ̀wò ojú ara kò fi hàn pé òun ló ń ba oyún jẹ́.

Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tọkọtaya ò bára mu. AA ni ìyàwó, AS ni ọkọ. Àwọn méjì bẹ́ẹ̀ kò lè bí ọmọ SS, àti pé ká tiẹ̀ ní wọ́n lè bí i, jẹ́nótáìpù SS lára ọmọ kọ́ ló ń mú oyún wálẹ̀ ní oṣù kejì tàbí ìkarùn-ún; lẹ́yìn tí ọmọ bá dáyé ni àìsàn náà ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Síbẹ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ ti ń sọ̀rọ̀ ìyàwó mìíràn.

Ìgbà tó lóyún kẹrin ló dé ọ̀dọ̀ wa. Èmi ni mo kọ káàdì rẹ̀. Mo bi í pé oyún mélòó ló ti bàjẹ́, ó ní mẹ́ta, mo kọ "oyún bàjẹ́: 3", mo sì bọ́ sí ìlà tó kàn. Mo ti yọ káàdì yẹn síta lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà láti tún un wò. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni. N kò kọ ọ̀sẹ̀ tí oyún kọ̀ọ̀kan dé, n kò kọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, n kò kọ ohun tó kọ́kọ́ jáde. Mo fún un ní folic acid, mo ní kó má gun ọ̀kadà, kó jìnnà sí ìkòkò aró, kó sinmi. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ fún oṣù méjì gbáko, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Ní ọ̀sẹ̀ 20, oyún náà wálẹ̀ lóru, lórí ibùsùn tí mo ní kó dùbúlẹ̀ sí.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, mo sọ ohun tí gbogbo wa máa ń sọ: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ó ní, "Àmín, mà," ó sì kọjú sí ògiri.

Kò padà sọ́dọ̀ wa fún ìkarùn-ún, mi ò sì lè dá a lẹ́bi. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló mú un lọ síbi tí wọ́n ti de oyún náà: wọ́n fún un ní ìgbàdí tí kò gbọ́dọ̀ tú títí di oṣù kẹsàn-án, àti àgbo tó ń mu láàárọ̀ lálẹ́. Ọ̀rọ̀ àbíkú ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́ ilẹ̀ lọ nínú ilé. Oyún náà wálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 18, ìgbàdí ṣì wà ní ìdí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó tẹ̀lé àbúrò rẹ̀ obìnrin wá sí kíníìkì wa. Àbúrò yìí ti bímọ kan, ó tún ti lóyún òmíràn, ó sì ń ṣàlàyé fún àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì bí ìrọbí àkọ́kọ́ ṣe fojú rẹ̀ rí màbo. Mo ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Èmi ò mọ bó ṣe ń dunni. Tèmi kì í dùn mí."

Ọwọ́ mi dúró.

Mo ní, "Àbúrò mi, oyún oṣù márùn-ún jáde, kò sì dùn ọ́?"

Ó ní, "Kì í dùn mí, mà. Bí ẹni pé nǹkan kan ń tẹ̀ mí nísàlẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì ni. Omi á ya, n ó sì rí ọmọ."

Mo ní kó dúró dè mí. Nígbà tí àwọn èrò lọ tán, mo ya ewé kàlẹ́ńdà kan, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì fa ìlà márùn-ún. A kọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: oṣù mélòó, kí ló kọ́kọ́ dé, ìrora ni tàbí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi, ṣé ọkàn ọmọ ṣì ń lù, báwo ló ṣe pẹ́ tó kí ọmọ tó jáde. Ó lé ní wákàtí kan. Ó sunkún ní ìlà kẹrin, èmi náà sunkún.

Nígbà tí a parí rẹ̀, oríṣi méjì ló wà lórí ìwé náà. Ìkínní àti ìkẹta: kékeré, kò pé oṣù mẹ́ta, ọmọ ti kú sínú kó tó jáde tàbí kó ti máa dà bí ẹ̀jẹ̀. Ìkejì, ìkẹrin àti ìkarùn-ún: láàárín ọ̀sẹ̀ 18 sí 20, omi kọ́kọ́ ya, kò sí ìrora, ọmọ sì ń mí ìmí díẹ̀ nígbà tó jáde nínú ọ̀kan nínú wọn. Nítorí pé wọ́n wọnú ara wọn, èyí kékeré, èyí ńlá, èyí kékeré, kò sí ẹni tó rí i. Gbogbo wa ń ka márùn-ún, a sì ń wá ìdí kan tó lè ṣàlàyé márààrún.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé wa nìyí. Nínú oyún 100 tí ìyá mọ̀ pé òun ní, nǹkan bí 15 ló ń wálẹ̀, èyí tó pọ̀ jù sì ń wálẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Nǹkan bí ìdajì irú àwọn oyún kékeré bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ pé iye krómósómù ọmọ (ohun tó ń gbé àbùdá òbí wọ inú ọmọ) ni kò pé tàbí tó lé, láti ọjọ́ tí àtọ̀ ti pàdé ẹyin. Kò sí iṣẹ́ tí ìyá ṣe tó fa irú rẹ̀, kò sì sí ìsinmi tó lè dá a dúró. Méjì bẹ́ẹ̀ lè dé bá obìnrin tí kò ní àrùn kankan. Ṣùgbọ́n oyún oṣù karùn-ún tó ń jáde láìsí ìrora, tó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ọmọ kò ní nǹkan kan. Ọrùn ilé ọmọ ni kò lágbára tó láti pa ẹnu dé nígbà tí ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ó ń la díẹ̀díẹ̀, àpò omi á yọ sísàlẹ̀, á bẹ́. Agbè ò fọ́ lóòótọ́. Ẹnu agbè ni kò sí ẹni tó yẹ̀ wò.

Àyẹ̀wò, àti ibi tí a fẹ́ ṣìnà sí

Mo kọ lẹ́tà sí dókítà àgbà kan tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ obìnrin, mo so ewé kàlẹ́ńdà náà mọ́ ọn. Dókítà kà á tán, ó ní ìwé yìí ti ṣe ìdajì iṣẹ́ òun. Ó bá tọkọtaya sọ̀rọ̀ papọ̀, ohun tí kò sí ẹni tó ti ṣe rí: ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọkọ wọ yàrá dókítà fún ọ̀rọ̀ yìí.

Skáànù fi hàn pé ilé ọmọ rí bó ṣe yẹ, kò sí ògiri tó pín in sí méjì. Ìju (fibroid) kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀, kò yọ sínú ibi tí ọmọ ń gbé, dókítà sì ní ká fi í sílẹ̀. (Ẹnìkan ti fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un nítorí ìju yẹn. Mo dúpẹ́ pé owó kò pé nígbà náà.) Àyẹ̀wò ìtọ̀ ṣúgà dára. Èyí tí wọ́n fi ń wo ẹran ọ̀fun níbi tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ náà dára, nítorí pé tí iṣẹ́ rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ tàbí tó bá pọ̀ jù, ó lè ba oyún jẹ́.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ló kù, èyí tí wọ́n fi ń wá ohun tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ibi ọmọ. Antiphospholipid ni wọ́n ń pè é. Nínú obìnrin 100 tí oyún ń wálẹ̀ lára wọn léraléra, nǹkan bí 15 ló ní in. Owó rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì gbé ẹ̀jẹ̀ náà lọ sí Èkó. Èsì dé: ó ní in, ṣùgbọ́n kò pọ̀. Inú gbogbo wa dùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bí ó ti burú tó, pé inú wa dùn sí àrùn. A fẹ́ ohun tí a lè dárúkọ. Mo ti ń ṣírò iye abẹ́rẹ́ heparin, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tí yóò gbà lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́jọ, ọkọ rẹ̀ sì ti ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ láti ta ilẹ̀ rẹ̀ ní Ọbántokò.

Dókítà ló dá wa dúró. Ó ní èsì kan kò tó: ìlànà ni pé ọ̀sẹ̀ 12 gbọ́dọ̀ wà láàárín àyẹ̀wò méjì, méjèèjì sì gbọ́dọ̀ sọ ohun kan náà, nítorí àrùn àkóràn lásán lè mú kó yọjú fún ìgbà díẹ̀, kó sì tún lọ. Obìnrin náà ti ṣàìsàn ibà ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ọ̀sẹ̀ 12 yẹn gùn. Wọ́n ní kó má tíì lóyún, ìyá ọkọ sì ń béèrè ohun tí a ń dúró dè. Àyẹ̀wò kejì dé: kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ká má ṣi mí gbọ́. Fún ẹni tó ní in lóòótọ́, ìtọ́jú yẹn ń gba ọmọ là: nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1997, 42 nínú 100 ló bímọ láàyè pẹ̀lú aspirin nìkan, 71 nínú 100 nígbà tí wọ́n fi heparin kún un. Ṣùgbọ́n obìnrin tiwa kọ́ nìyẹn. Ilẹ̀ Ọbántokò ṣì wà níbẹ̀.

Dídè

Ìyá ọkọ ni mo bẹ̀rù jù láti bá sọ̀rọ̀. Mo lọ bá a nílé, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé pé nígbà tí oyún bá pé oṣù mẹ́ta, dókítà máa fi okùn so ọrùn ilé ọmọ yípo, bí ẹni fún ẹnu àpò, wọn yóò sì tú u nígbà tí ọmọ bá gbó. Màmá wò mí títí. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀yin náà ń de oyún?"

Mo ní, "A ń dè é, mà. Inú lọ́hùn-ún la ti ń dè é, níbi tó ti ń tú."

Wọ́n ní, "Kí ló dé tí ẹ ò tètè sọ ọ́?"

Láti ọjọ́ yẹn, àwọn gan-an ni wọ́n ń fún un lówó ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n bi mí nípa ìgbàdí, mo ní kó fi í sídìí tí ọkàn wọn bá balẹ̀ sí i, kò pa mí lára, kò pa ọmọ lára. Àgbo nìkan ni mo bẹ̀bẹ̀ pé kó má mu, torí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí mo bá bá wọn jà lórí ìgbàdí, mi ò rò pé wọn ì bá gbọ́ èyí tó kù.

Ó lóyún kẹfà lẹ́yìn oṣù márùn-ún. Ẹ mọ bí àwa ṣe ń fi oyún pamọ́ títí yóò fi hàn. Ó jẹ́ kí n mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6, mo sì mọ iye tí ìyẹn gbà lára rẹ̀. Wọ́n dúró di ọ̀sẹ̀ 13, lẹ́yìn tí skáànù ti fi hàn pé ọmọ dá ṣáṣá, kí wọ́n má baà de oyún tí yóò wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ náà láàárín ìdajì wákàtí. Shirodkar, dókítà ará Íńdíà, ló kọ irú dídè yìí jáde ní 1955. McDonald ará Ọsirélíà kọ èyí tó rọrùn jù ú lọ jáde ní 1957, èyí náà ni wọ́n ṣe fún un. Ọdún tí màmá àgbà yẹn ṣì jẹ́ ọmọdé ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni wọ́n ń fi skáànù wọn ọrùn ilé ọmọ rẹ̀. Milimítà 33. Milimítà 31. Ní ọ̀sẹ̀ 20, milimítà 24. Tó bá ti kéré sí 25 kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24, ẹ̀rù gbọ́dọ̀ bani. Wọ́n fi oògùn progesterone tó ń kì sí ojú ara lálẹ́ kún un. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ yẹn ni àwọn oyún ńlá mẹ́ta náà ti lọ, kò sì sùn. Ó máa ń pè mí ní aago méjì òru láti sọ pé kò sí nǹkan kan. Mo ní kó máa pè. Ní ọ̀sẹ̀ 22 ó ṣì jẹ́ 24. Kò kúrú mọ́. Kò dùbúlẹ̀ ní àkókò yìí o: ó ń lọ sí Ìtòkú, ó jókòó sórí àga, ó ń ta ọjà rẹ̀, aró nìkan ni àbúrò ń bá a pa.

Ní ọ̀sẹ̀ 37 wọ́n gé okùn náà ní kíníìkì, kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ó ní kí wọ́n fi hàn òun. Ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó títí.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, fóònù mi dún. Mo kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Mà, ó ń dùn mí o! Ó ń dùn mí!" Ọmọ obìnrin, kílò 2.9. A gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ.

Ohun tó yí padà lọ́dọ̀ wa

Káàdì wa kò ní àyè fún "oyún bàjẹ́: mélòó" mọ́. Ìlà kan ni fún oyún kọ̀ọ̀kan: ọ̀sẹ̀ tó dé, ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, bí ọmọ ṣe wà. Ó ń gba àkókò, èrò sì pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì, mo mọ̀. Ẹ gbà á lẹ́nu wọn bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì torí ìtàn yìí ní kí wọ́n máa de gbogbo ẹni tí oyún ti wálẹ̀ lára rẹ̀. Okùn kò ṣe nǹkan kan fún oyún ọ̀sẹ̀ 8. Ẹni tí irú oyún ńlá bẹ́ẹ̀ ti jáde lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àǹfààní rẹ̀ hàn jù lára rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sì dè, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sórí káàdì rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún ará ilé: tí ìrọbí bá mú un, tí omi bá ya, tí ara bá gbóná, kó má dúró de ilẹ̀ tó ń mọ́. Ìrọbí tó bá bá okùn níbẹ̀ lè fa ọrùn ilé ọmọ ya.

Nípa fífọ ilé ọmọ, a kò lè búra pé irin tí wọ́n lò ní oyún kìíní ló ba ọrùn ilé ọmọ rẹ̀ jẹ́; wọ́n ń bí ẹlòmíràn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n fífi irin la ọrùn ilé ọmọ pẹ̀lú agbára lè dá irú rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀rọ afọwọ́fà tàbí oògùn misoprostol sì ti wà fún oyún kékeré. Mo ń bẹ ẹnikẹ́ni tó ṣì ń ha inú obìnrin pé kó lọ kọ́ èyí.

Nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń bá irú ìṣòro yìí wá, gbogbo àyẹ̀wò ni kò ní fi nǹkan kan hàn. Ó máa ń dun wa láti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, a sì máa ń wá sitáfù fi dí i. Nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin irú wọn ló ń gbé oyún tó kàn dé ilẹ̀, pàápàá tí ọjọ́ orí kò bá tíì jìnnà, tí ẹnìkan sì ń tọ́jú wọn dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí gan-an ni kí a sọ fún wọn.

Obìnrin wa tún ti lóyún. Ó wá ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, oyún náà jẹ́ ọ̀sẹ̀ 7, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó fa ewé kàlẹ́ńdà yẹn yọ nínú àpò, ó ti fa ìlà kẹfà àti ìkeje sí i fúnra rẹ̀. A ti kọ ọjọ́ tí wọ́n máa dè é sí ìlà ìkeje.